Otis Boykin, Ọmọ Adúláwọ̀ tí Ó Fi Ìjánu sí Iná Mọ̀nàmọ́ná

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa bá tú ẹ̀yìn rédíò tí ó ti dákẹ́ wò, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ẹ̀jìgbò, tàbí ní Diabo tí ó wà ní agbègbè Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tó ni pátákó pẹlẹbẹ kan tí a to àwọn nǹkan wínníwínní lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn rí bí ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, kò ju hóró ìrẹsì lọ púpọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ní orí rẹ̀, ó sì yọ ní ìdí rẹ̀. Àwọ̀ oríṣiríṣi yí i ká bí ilà ojú. Àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń pè é ní rẹ̀sísítọ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á lọ́jà, kò sì sí ẹni tí í bẹ̀rù pé olè yóò gbé e. Síbẹ̀, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá jó níbi tí kò yẹ kí ó jó, asọ̀rọ̀mágbèsì yóò yadi.

Ìtàn tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ni ìtàn ọmọ adúláwọ̀ kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí ohun kékeré yìí, títí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà fi ń lo ohun tí ó hùmọ̀. Otis Frank Boykin ni orúkọ rẹ̀. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkínní, àwọn ọmọ wa mọ orúkọ àwọn akọrin àti eléré ìdárayá dúdú tí ó wà ní òkè òkun ju bí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ. Èkejì, àwọn tí ó fẹ́ràn Boykin ti kó ẹ̀wù tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó sì yẹ kí ẹnìkan bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí ayé lè rí bí ẹ̀wù tirẹ̀ gan-an ti dára tó.

Ọjọ́ 29 oṣù August, ọdún 1920, ni a bí Boykin ní ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó di oníwàásù nígbà tí ó yá. Iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe nínú ilé onílé. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí àìsàn ọkàn pa ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá àìsàn yìí pàdé kí ìtàn wa tó parí.

Texas ìgbà náà kì í ṣe ibi tí ọmọ dúdú ti ń rìn fàlàlà. Òfin ni ó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, ní ilé ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀, àti ní ibi tí a ti ń jẹun. Ilé ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Booker T. Washington pè, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ dúdú ní Dallas, ni Boykin lọ. Nígbà tí ó sì jáde ní ọdún 1938, òun ni ó ṣe ipò kìíní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ọrọ̀ nílé bàbá rẹ̀ tí ó lè rán an lọ síwájú. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé e dé Yunifásítì Fisk ní ìlú Nashville.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1866, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, ni a dá a sílẹ̀ fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú oko ẹrú. Níbẹ̀ ni W. E. B. Du Bois ti gba oyè ní ọdún 1888, òun náà tí ó wá kú sí Accra ní ọdún 1963 gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú ìjà òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, nígbà tí Boykin ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Fisk, ojúlé kan náà ni ó ń gbà wọlé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jí wa lójú oorun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Boykin kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Chicago. Ilé iṣẹ́ Majestic, tí ń ṣe rédíò àti amóhùnmáwòrán, ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n fi í sí ìdí yíyẹ àwọn ẹ̀rọ tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú wò, nítorí pé ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ilé ìwádìí Nilsen. Ó wá padà sí ẹnu ìwé ní Illinois Institute of Technology, kí ìmọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1947, owó ilé ẹ̀kọ́ kò tó mọ́, ó sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìgba oyè tí ó wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọmọ olóye tí ó kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá tí ó ń lọ sílé nítorí owó, ẹ mọ bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí. Boykin kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hal Fruth, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ jù lọ ni rẹ̀sísítọ̀.

Kí ni rẹ̀sísítọ̀ ń ṣe? A lè fi í wé ìjánu ẹnu ẹṣin. Ẹṣin tí kò ní ìjánu yóò sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó gùn ún ń lọ ni yóò gbé e dé. Bákan náà ni iná mọ̀nàmọ́ná: bí a bá jẹ́ kí ó ṣàn bí ó ti wù ú, yóò jó ohun tí a fẹ́ kí ó ràn lọ́wọ́. Rẹ̀sísítọ̀ ni ó ń dín ìṣàn náà kù sí ìwọ̀n tí ohun kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ohm ni a fi ń wọn bí agbára ìdènà rẹ̀ ti pọ̀ tó, láti inú orúkọ Georg Simon Ohm, ará Jámánì, ẹni tí ó fi òfin ọ̀rọ̀ náà hàn nínú ìwé kan ní ọdún 1827. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ní ìlú Cologne. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, títí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London fi fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní ọdún 1841.

Òfin náà kò le. Bí a bá fi iye ampere tí a fẹ́ kí ó ṣàn pín iye volt, iye ohm tí a nílò ni a óò rí. Ẹ jẹ́ kí a fi iná pupa kékeré tí ń tàn lójú rédíò ṣe àpẹẹrẹ. Bátìrì wa jẹ́ 9 volt. Iná náà kò fẹ́ ju 2 volt lọ, kò sì gbọdọ̀ gba ju 0.02 ampere lọ. Volt 7 ṣẹ́kù tí rẹ̀sísítọ̀ gbọ́dọ̀ fà mọ́ra. Bí a bá fi 0.02 pín 7, 350 ohm ni. Bí a bá dé ọjà tí a kò rí 350, kí a ra 390, nítorí pé ó sàn kí iná rọ díẹ̀ ju kí ó jó lọ.

Àwọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń sọ iye ohm rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Dúdú ni òdo, búráùn ni 1, pupa ni 2, àwọ̀ ọsàn ni 3, àwọ̀ ìyeyè ni 4, àwọ̀ ewé ni 5, àwọ̀ aró ni 6, àwọ̀ àlùkò ni 7, àwọ̀ eérú ni 8, funfun sì ni 9. Lára èyí tí ó ní àwọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta ń sọ iye òdo tí a óò fi tẹ̀lé wọn. Ẹ̀kẹrin ń sọ bí iye náà ti péye tó. Búráùn, dúdú, pupa: 1, 0, àti òdo méjì, èyí tí í ṣe 1000 ohm. Bí àwọ̀ wúrà bá tẹ̀lé e, iye náà kò ní fi ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Rẹ̀sísítọ̀ kì í dá iṣẹ́ ṣe. Kapásítọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ń gba iná pamọ́ díẹ̀ bí ìkòkò ti ń gba omi, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Bí fáànù òkè àjà bá ń kùn tí kò yí, tí a ní láti fi ọwọ́ tì í kí ó tó gbéra, kapásítọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ó tóbi nínú amóhùnmáwòrán àtijọ́, nítorí pé ó lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná. Dáyóòdù ní tirẹ̀ jẹ́ aṣọ́bodè tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan lọ, tí kì í jẹ́ kí ó padà. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni a sábà fi ń sọ iná ilé di irú èyí tí bátìrì lè gbà. Wáyà tí a ká ń bá kapásítọ̀ ṣe pọ̀ láti ṣa ohùn iléeṣẹ́ rédíò kan yọ nínú ọgọ́rùn-ún. Tíránsísítọ̀, tí a hùmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù December ọdún 1947, ń fi ìṣàn kékeré darí ìṣàn ńlá, bí ọwọ́ ọmọdé ti lè ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi. Bí a bá sì fi ọwọ́ yí ohun tí ń mú ohùn rédíò lọ sókè tàbí sílẹ̀, rẹ̀sísítọ̀ tí iye rẹ̀ ń yí padà ni a ń yí.

Ìṣòro tí Boykin dojú kọ ni èyí. Bí a bá fẹ́ rẹ̀sísítọ̀ tí iye rẹ̀ péye gan-an, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń lò, tí a ń ká mọ́ nǹkan. Wáyà tí ó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ lè já bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n tàbí tí ó bá bọ́ sílẹ̀. Ooru àti òtútù lè yí iye rẹ̀ padà. Àti pé wáyà tí a ká máa ń hu ìwà mìíràn tí a kò fẹ́, tí ń dí ìṣàn tí ó ń yára lọ tí ó sì ń yára bọ̀ lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń gba àkókò, ó sì ń gba owó. Boykin wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe é kíákíá, ní owó pọ́ọ́kú, kí iye rẹ̀ rí bí a ti fẹ́ kí ó rí, kí ìwà àìfẹ́ náà sì dín kù. Ọjọ́ 16 oṣù June, ọdún 1959, ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀sísítọ̀ oníwáyà rẹ̀. Ní ọdún 1961, ó gba òmíràn lórí èyí tí ó tún dára sí i, tí ó lè fara da ìgbọ̀nrìrì, eré àsápajúdé àti ìyípadà ooru láìbàjẹ́. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi wọ inú rédíò àti amóhùnmáwòrán, tí ó wọ inú kọ̀ǹpútà IBM, tí ó sì wọ inú àwọn ohun ìjà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń darí láti òkèèrè. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí owó ilé ẹ̀kọ́ lé jáde ni ó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún náà dáadáa. Ní ọdún 1959 kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù October, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn. Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí ó di ọdún 1971, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó jọ ni lójú: wọ́n fi amóhùnmáwòrán kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Bátìrì ni wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà ní àwọn abúlé tí iná ìjọba kò tíì dé. Ètò náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nítorí pé owó rẹ̀ wúwo àti pé àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. A kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Boykin ni ó wà nínú ẹ̀rọ Ìbàdàn tàbí ti Bouaké. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kún fún irú ohun tí ó fi ayé rẹ̀ tún ṣe, àti pé nígbà tí a ń ra ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun, ọmọ adúláwọ̀ kan wà láàárín àwọn tí ń hùmọ̀ ohun inú rẹ̀, a kò sì mọ̀.

Rẹ̀sísítọ̀ nìkan kọ́ ni Boykin ṣe. Ó hùmọ̀ àpótí owó ọjà tí olè kò lè ṣí, ó sì hùmọ̀ ohun tí ń fi kẹ́míkà sẹ́ afẹ́fẹ́. Láti àárín àwọn ọdún 1960, ó di olùdámọ̀ràn fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Paris.

Ní báyìí, ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀wù àyálò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń fi sí àyà ènìyàn láti mú kí ọkàn tí ó ti ń dẹ́kun máa lù déédéé. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó wí pé Boykin ni ó hùmọ̀ ẹ̀rọ náà. Ìtàn náà dùn púpọ̀, pàápàá fún ẹni tí àìsàn ọkàn gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, ní oṣù October ọdún 1958, ni a ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ara ènìyàn; Rune Elmqvist ni ó ṣe ẹ̀rọ náà, Åke Senning sì ni dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ní Amẹ́ríkà, Wilson Greatbatch ni ó ṣe èyí tí ó wá gbilẹ̀. Ipa tí a mọ̀ mọ́ Boykin ni pé rẹ̀sísítọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ǹjẹ́ èyí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Rárá o. Ẹ gbọ́ bí ti Greatbatch ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ìlù ọkàn sílẹ̀ ni ó ń ṣe, ó ki ọwọ́ bọ àpótí, ó sì mú rẹ̀sísítọ̀ tí iye rẹ̀ ju èyí tí ó yẹ lọ. Nígbà tí ó tan iná sí i, ẹ̀rọ náà lù díẹ̀, ó sinmi, ó tún lù, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ti ń ṣe. Ìyàtọ̀ iye ohm ni ó wà láàárín ohun tí ń gbọ́ ìlù ọkàn àti ohun tí ń lù ú. Bí iye náà bá sì yẹ̀ nínú àyà ènìyàn, ẹ̀mí ni. Ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kí iye rẹ̀sísítọ̀ má baà yẹ̀, kí ni ó tún ń fi ẹ̀wù ẹlẹ́wù ṣe?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn ọ̀tá ìran wa kò fẹ́ ju kí wọ́n rí irọ́ kan nínú ìtàn àwọn akọni wa, kí wọ́n lè fi da gbogbo ìtàn náà nù. Olùkọ́ tí ó bá fi àsọdùn kọ́ ọmọ ti fi òkúta lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa yin àwọn ènìyàn wa ní ìwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ìwọ̀n náà tó.

Otis Boykin kú ní Chicago ní ọdún 1982. Àìsàn ọkàn ni ó pa á, gẹ́gẹ́ bí ó ti pa ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2014, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú rẹ̀, a kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn olùhùmọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kò nílò yàrá ìwádìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà díẹ̀, àti pẹ́ńsùlù tí a là sí méjì tí dúdú inú rẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí iná gba inú dúdú pẹ́ńsùlù náà kọjá lọ sí gílóòbù. Bí ẹ bá sún wáyà méjèèjì mọ́ra lórí rẹ̀, iná yóò mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fà wọ́n jìnnà síra, yóò máa ṣú. Rẹ̀sísítọ̀ ni pẹ́ńsùlù náà ti dà yẹn. Bátìrì nìkan ni kí ẹ lò o, ẹ má ṣe fi iná ilé dán an wò láé. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tú rédíò tí ó ti kú, kí wọ́n ka àwọ̀, kí wọ́n ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Bouaké, ní Àlàbà ní Èkó, tí ó mọ bí a ti ń yọ èyí tí ó jó kúrò kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọgbọ́n ni, a kì í sì í fi ọgbọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n tuntun tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, òkè òkun ni ó ti ń wá. Nígbà tí ọmọ kan láàárín wọn bá béèrè pé ta ni ó ń ṣe é, tí olùkọ́ rẹ̀ sì lè dá a lóhùn, tí ó lè sọ ìtàn ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà Dallas fún un láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀, ìgbà náà ni ọmọ náà yóò tó mọ̀ pé ìbéèrè kejì wà tí ó yẹ kí òun bi ara òun.